Àárò Option Tó Ń Sọ Àwọn Àgbà

Àwọn òbí Yorùbá tí ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ mi, ní ilé ẹ̀kọ́ girama níhìn-ín ní Georgia, máa ń bi mí ní ìbéèrè kan. "Ẹ jọ̀ọ́, Kóòṣì, kí ni option, irú eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí àwọn bàbá olóyìnbó yìí ń dárò ní gbogbo Sátidé? Ṣé wọ́n jí i gbé ni?" Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ẹni tó bá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dàgbà kò lè mọ ohun tó sọnù. Èmi wá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àárò option ń sọ pàápàá, eré sísá nìkan ni wọ́n rántí. Eré sísá kọ́ ni adùn rẹ̀. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò dí ni adùn rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Mọ́kànlá dojú kọ mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láti fi gba yáàdì mẹ́wàá. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré kò lè dí ẹnì kankan, quarterback, ẹni tó ń darí eré, tó fà á lé e lọ́wọ́, kì í sábà dí ẹnì kankan, nítorí náà àwọn olùgbèjà á máa fi èèyàn kan tàbí méjì borí yín níye. Option kò wá èèyàn kún tirẹ̀. Ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ fi olùgbèjà méjì sílẹ̀ gedegbe, tó sì ṣètò pé ohun yòówù tí wọ́n bá ṣe, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti ṣìnà.

Quarterback gba bọ́ọ̀lù, ó yí sápá ọ̀tún, ó na ọwọ́ méjèèjì pẹ̀lú bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Fullback, asáré tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ti ń já bọ̀, ó tẹ orí wálẹ̀. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí i níkùn, ṣùgbọ́n quarterback kò tíì fi sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ gbé e fún bí ìṣísẹ̀ kan. Ní àkókò yẹn, ojú quarterback kò sí lára bọ́ọ̀lù, kò sí lára fullback. Ó wà lára òmìrán olùgbèjà tó dúró níparí ìlà, tí a mọ̀ọ́mọ̀ fò dá. Bí èjìká òmìrán yìí bá yí sí fullback, ọmọ á fa bọ́ọ̀lù yọ, á gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Bó bá dúró tó ń wo quarterback, ọmọ á yọwọ́, fullback á gba àárín wọlé. Bí quarterback bá ti jáde, á bá olùgbèjà kejì tí a kò dí pàdé. Bí ìyẹn bá kọjú sí i, á sọ bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún halfback, asáré kejì tó ń bá a sáré ní bíi yáàdì mẹ́rin sí márùn-ún sí i. Bí ìyẹn bá tẹ̀ lé halfback, á dì í mú, á yí síwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ pẹ́nárítì, ẹ ti rí i rí: ẹni tó ń rọra bọ̀, tó ń wo asọ́lé títí asọ́lé á fi kọ́kọ́ fò, kó tó gbá a sí apá kejì. Níbí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nígbà tí ẹni tó sanra jù ẹ́ lọ ń sáré bọ̀ láti ṣubú lù ẹ́.

Ikùn fullback yẹn ni gbogbo wàhálà wà. Bí mo bá ń kọ́ wọn, èmi fúnra mi ni mo máa ń dúró bí òmìrán náà, tìmùtìmù á wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Fullback gbọ́dọ̀ dẹ apá lórí bọ́ọ̀lù. Bó bá dì í pin-pin kí ọmọ tó pinnu, ilẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Quarterback náà gbọ́dọ̀ ti pinnu kí bọ́ọ̀lù tó kọjá ìbàdí fullback. Ọmọ tó bá ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé "màá fa eléyìí yọ" kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ló máa ń bà á jẹ́. A ò fẹ́ kó méfò, a fẹ́ kó wò. Ìdí nìyí tí option fi ń jẹ àkókò ìdánrawò bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ, tí kóòṣì tó bá fẹ́ ẹ kì í fi í ṣe àmúlùmálà.

Ọdún 1941 ni Don Faurot, kóòṣì yunifásítì Missouri, gbé irú eré yìí jáde, níbi tí quarterback ti ń wo olùgbèjà kó tó pinnu. Bill Yeoman ní Houston sọ ọ́ di nǹkan mìíràn ní àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn bàbá olóyìnbó ń sọ ni ti yunifásítì Texas. Emory Bellard, igbákejì kóòṣì Darrell Royal, ló to àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ní ìrísí lẹ́tà Y lọ́dún 1968. Ìdíje àkọ́kọ́, ọ̀mì. Èkejì, wọ́n na Texas. Lẹ́yìn náà Texas jáwé olúborí ní ọgbọ̀n ìdíje léraléra.

Kóòṣì Bear Bryant ní Alabama wò ó, ó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ Royal. Ní August 1971, ó fi í dánrawò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kò jẹ́ kí àwọn oníròyìn gbọ́. Ọdún tó ṣáájú, USC, yunifásítì kan ní Los Angeles, ti lù wọ́n 42 sí 21 nínú ilé wọn ní Birmingham. Alabama wá lọ sí Los Angeles ní September 1971, ó tú àṣírí tuntun yìí sílẹ̀, ó jáde pẹ̀lú 17 sí 10. Ọdún kan náà yẹn ni Oklahoma sá yáàdì 472 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, bí a bá pín in dọ́gba. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọ́ àkọsílẹ̀ yẹn.

Àwọn tó ní option kú nítorí pé olùgbèjà ti ń yára jù, ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti jẹ́ òótọ́. Ní sáà 1985, 1986 àti 1987, ìdíje ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni Oklahoma pàdánù lọ́dún, Miami ló sì nà wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọmọ Miami ń sáré débi pé kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹ̀gbẹ́, wọ́n ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé January 1, 1995. Nebraska ti kóòṣì Tom Osborne ń bá Miami yìí kan náà figẹ̀ wọngẹ̀, àwọn olùgbèjà ń fò jáde sí ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ni Cory Schlesinger, fullback, bá gba àárín tó ṣófo kọjá lẹ́ẹ̀mejì ní apá ìkẹyìn. 24 sí 17. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Nebraska lu Florida 62 sí 24. Eré sísá olùgbèjà kọ́ ló pa á.

Owó àti ọjọ́ iwájú ló ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó mọ bọ́ọ̀lù jù síwájú fẹ́ lọ sí NFL, líìgì àwọn tó ń gbá a gbowó, kò sì fẹ́ lọ síbi tí wọ́n á ti ní kó máa sáré lu òmìrán. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù jíjù. Mo máa ń rán wọn létí Demaryius Thomas, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù jíjù, tó jáde láti ẹgbẹ́ option kóòṣì Paul Johnson ní Georgia Tech níhìn-ín, tí Denver sì mú un ní ipò kejìlélógún lọ́dún 2010. Wọ́n á mi orí, wọn ò ní gbà. Òfin bọ́ọ̀lù yunifásítì náà tún dé: láti 2022, ẹni tó wà níta gbùngbùn ìlà kò lè fi ara lu olùgbèjà nísàlẹ̀ ìbàdí mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn halfback kéékèèké fi ń bi àwọn tó tóbi ṣubú nìyẹn. Èmi ò bá òfin yẹn jà. Orúnkún ọmọ èèyàn ni.

Ta wá ni ó ṣẹ́ kù fún? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ológun. Ọmọ tó wà ní Army kò gbọdọ̀ sanra ju bí iṣẹ́ ológun ṣe fẹ́ lọ, ó sì jẹ ìjọba ní iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tó bá jáde, nítorí náà àwọn òmìrán kì í wá síbẹ̀. Ní 2018, Army lọ sí ilé Oklahoma tó ní Kyler Murray gẹ́gẹ́ bí quarterback. Bí Army ṣe di bọ́ọ̀lù mú nìyí: ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́ta. Murray jókòó lórí bẹ́ǹṣì ó ń wòran. Oklahoma borí 28 sí 21, ṣùgbọ́n àfi nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un. Ní 2024, Army gba ife ẹ̀yẹ ìsọ̀rí rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀.

Àwọn tó ní kò sí option níbòmíràn mọ́, wọn ò wò dáadáa. Ní àwọn ọdún 1990, kóòṣì Rich Rodriguez ní Glenville State, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní West Virginia, gbé quarterback sẹ́yìn, ó sì fi ẹni tó wà níparí ìlà sílẹ̀ láìdí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ṣe é báyìí, títí kan NFL. Àwọn mìíràn tún ti gbé ẹni tí a kò dí náà sínú àárín: bí ó bá sáré síwájú, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù kọjá lórí rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣì wà. Ìkejì ni kò sí mọ́, èyí tí quarterback ti ń sáré lọ pàdé ẹni tó fẹ́ ṣe é léṣe, tí á dúró de ìgbà tí ẹni náà á fi ara hàn, kó tó sọ bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kóòṣì tó ń náwó rẹpẹtẹ lórí quarterback kan kò ní gbà kí wọ́n máa lù ú báyẹn. Èmi náà, bí ọmọ tí mo ní bá mọ bọ́ọ̀lù jù, mi ò ní gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ wo Army àti Navy ní oṣù December. Ẹ má wo bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n bá gbà á. Ẹ wo ẹni tó wà níparí ìlà, kí ẹ wò ó bóyá ẹnì kankan fọwọ́ kàn án. Bí kò bá sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹ wo èjìká rẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ fún ẹni tó jókòó tì yín kí quarterback tó sọ ọ́.