Bí Àga Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ṣe Di Àkàbà ní Filipínì

Nígbà tí Sípéènì ń ṣàkóso Filipínì, ipò tó ga jù tí ọmọ ìbílẹ̀ lè dé nínú ìjọba kò kọjá olórí ìlú kan ṣoṣo. Gobernadorcillo ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "gómìnà kékeré". Gómìnà gidi, ẹni tí gbogbo ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, òyìnbó Sípéènì ni, alcalde mayor sì ni oyè tirẹ̀. Òun ló ń gba owó orí, òun ni adájọ́, òun náà tún ni oníṣòwò, torí ìjọba gbà á láàyè kó máa tajà bó bá ti sanwó àṣẹ. Ẹ tiẹ̀ wò ó ná: adájọ́ fẹ́ ra ìrẹsì lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè owó orí. Ta ló tó bá a nájà? Ó di 1844 kí wọ́n tó fòfin de òwò náà.

Amẹ́ríkà gba àwọn erékùṣù Filipínì lọ́wọ́ Sípéènì ní 1898, ogun sì bẹ́ láàárín òun àtàwọn ará ibẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìbọn kò tíì dákẹ́ tí ìgbìmọ̀ tí Amẹ́ríkà rán wá, tí William Howard Taft jẹ́ olórí rẹ̀, fi ṣe òfin ìjọba ìpínlẹ̀ ní February 1901. Ènìyàn mẹ́ta ni yóò máa darí ìpínlẹ̀: gómìnà, akápò, àti alábòójútó iṣẹ́. Láti 1902 ni wọ́n ti ń dìbò yan gómìnà, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń yan àwọn méjì yòókù, ará Amẹ́ríkà ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́. Ọmọ ìbílẹ̀ jókòó sórí àga, òyìnbó méjì jókòó ti àpò owó. Bí ọ̀rọ̀ bá di ìbò, méjì ju ẹyọ kan lọ.

Ọ̀rọ̀ ìbò yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ọkùnrin tó ti pé ọdún 23 nìkan ló lè dìbò, àfi kó sì tún ti di ipò mú lábẹ́ Sípéènì, tàbí kó ní ilẹ̀ tàbí ilé tó tó 500 pésò (owó ilẹ̀ náà), tàbí kó máa san 30 pésò owó orí lọ́dún, tàbí kó mọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè Sípéènì sọ, kà, kó sì kọ. Àgbẹ̀ aroko-fólóko kò sí níbẹ̀. Àwọn díẹ̀ yìí gan-an kò dìbò fún gómìnà: wọ́n á yan àwọn káńsẹ́lọ̀ ìlú, àwọn káńsẹ́lọ̀ á sì pàdé ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ láti mú ẹni kan. Ẹni tó bá mọ ìdílé bíi mélòó kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan ti mú ìpínlẹ̀ náà nìyẹn.

Kódà ẹni tó bá Amẹ́ríkà jagun jókòó síbẹ̀. Juan Cailles, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun wọn ní Mabitac ní 1900, jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní June 1901. Nígbà tó di 1902, òun ni gómìnà Laguna.

Àmọ́ àwọn méjì tó sọ àga yìí di àkàbà ni Sergio Osmeña ti Cebu àti Manuel Quezon ti Tayabas. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni Quezon fi ṣẹ̀gbọ́n Osmeña, 1878 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ kọ́ òfin ni, wọ́n sì jọ di agbẹjọ́rò ìjọba. Ní Tayabas, Quezon gbé lọ́yà Amẹ́ríkà kan lọ sílé ẹjọ́ lórí jìbìtì ilẹ̀. Ẹ fojú inú wo bí orúkọ rẹ̀ á ṣe ròkè láàárín àwọn onílẹ̀ tí ń yan káńsẹ́lọ̀. Àwọn méjèèjì di gómìnà ní 1906. Ọdún yẹn náà ni òfin yí padà, tí ẹnì kẹta nínú àwọn mẹ́ta tó ń darí ìpínlẹ̀ fi di ẹni ìdìbòyàn, méjì wá di ti ọmọ ìbílẹ̀. Nígbà tí àwọn gómìnà pàdé ní Manila ní October, Osmeña ni wọ́n fi ṣe alága.

Lẹ́yìn ọdún kan, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣí. Osmeña, ọmọ ọdún 29, di abẹnugan. Quezon ṣáájú àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù. Quezon di ààrẹ ní 1935. Nígbà tó kú ní 1944, Osmeña gorí àga, ó sì gbé e fún Manuel Roxas ní 1946 lẹ́yìn tí Roxas fìbò borí rẹ̀. Roxas náà ti ṣe gómìnà Capiz rí.

Ọmọ Osmeña ṣe gómìnà Cebu, ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà ṣe é. Òfin ìpìlẹ̀ 1987 ní kí ìjọba má fàyè gba ìdílé olóṣèlú tó ń jogún ipò, "bí òfin bá ṣe là á sílẹ̀". Àwọn aṣòfin tí yóò là á sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló wá láti irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ní ti Tayabas, ẹ má wá a lórí àwòrán ilẹ̀ bí ìpínlẹ̀ mọ́: láti 1946, Quezon lorúkọ rẹ̀.