Gbàǹjo tó ń wáyé kí ojú ìwé tó ṣí tán

Bí èèyàn bá tẹ ìròyìn kan lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ìròyìn náà ló máa ń kọ́kọ́ yọ, pẹ̀lú àyè òfìfo kan tàbí méjì láàárín rẹ̀. Kó tó ka ìlà kejì tán, ìpolówó ọjà á ti já wọ àyè òfìfo yẹn, ọ̀rọ̀ tó ń kà á sì sún lọ sísàlẹ̀. Láàárín ìgbà tí àyè náà ṣófo sí ìgbà tó kún, wọ́n ti lù ú ní gbàǹjo, irú ẹni tó wà nídìí fóònù náà ló sì pinnu iye tí wọ́n ná an.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ìkànnì tó ni ìròyìn máa ń fi kóòdù kan sínú ojú ìwé rẹ̀. Bí ojú ìwé bá ti ń ṣí ni kóòdù yìí á ké sí ibi gbàǹjo pé àyè kan wà fún títà. Ibi gbàǹjo á wá fi ìkéde ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn olùpolówó ra àyè. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á wo ìkéde náà, á wo ohun tó ti mọ̀ nípa ẹni yẹn tẹ́lẹ̀, á sì dá iye tirẹ̀. Ẹni tí iye rẹ̀ bá ga jù ló sábà máa ń gbé e. Gbogbo rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Èèyàn ò tíì ṣẹ́jú tán, wọ́n ti tà á.

Inú ìkéde yẹn gan-an ni ọ̀ràn wà. Ká ní ẹnì kan ò rí oorun sùn, tó wá ń ka àpilẹ̀kọ nípa àtọ̀gbẹ láàárín òru. Ohun tí ìkéde náà lè gbé jáde rèé: àdírẹ́sì ojú ìwé náà, tí orúkọ àìsàn ọ̀hún wà nínú rẹ̀ gedegbe, irú fóònù tó ń lò, èdè tó yàn sórí rẹ̀, àdírẹ́sì IP rẹ̀, tó ń tọ́ka sí àgbègbè tó wà, àti nọ́ḿbà gígùn kan tí wọ́n fi ń dá fóònù mọ̀ nítorí ìpolówó. Bó bá jẹ́ inú áàpù tó ti gbàṣẹ láti mọ ibi tó wà ló ti ń kà á, ibi tó dùbúlẹ̀ sí lórí máàpù náà lè bá a lọ. Kò sí orúkọ níbẹ̀. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń tẹnu mọ́ nìyẹn, àmọ́ àwáwí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Nọ́ḿbà kan náà ni áàpù ojú ọjọ́ rí láàárọ̀, òun náà ni áàpù eré rí lọ́sàn-án. Fóònù tó ń sùn sí ilé kan náà lálaalẹ́, tó sì ń dé ibi iṣẹ́ kan náà láràárọ̀, ta ni kò ní mọ ẹni tó ni ín?

Níbi gbàǹjo àga àti tábìlì, ẹni tí kò rí i rà á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ti ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tí ìkéde dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àtẹni tó ra àyè àtẹni tí kò rà á, kò sì sí bí ẹni tó ń kàwé lóru ṣe lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ Mobilewalla pé ó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn jọ láti ibi irú gbàǹjo yìí, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ kódà nígbà tí kò ra àyè.

Nọ́ḿbà ìdánimọ̀ yìí ní ẹ̀gbọ́n. Ọdún 1994 ni Lou Montulli ṣe cookie, ìyẹn àmì kékeré tí ìkànnì máa ń fi pamọ́ sórí ẹ̀rọ èèyàn, ní ilé iṣẹ́ Netscape, kí ìkànnì lè rántí ẹni tó ti wá tẹ́lẹ̀. Nǹkan tó wúlò ni. Àwọn oníṣòwò ìpolówó ló sọ ọ́ di amí tó ń tẹ̀ lé èèyàn láti ìkànnì dé ìkànnì. Safari, irinṣẹ́ Apple fún wíwo ìkànnì, ti dínà mọ́ irú cookie atọpinpin bẹ́ẹ̀ pátápátá láti 2020. Lọ́dún yẹn kan náà ni Google ṣèlérí pé òun á yọ ọ́ kúrò nínú Chrome tòun. Ó sún un síwájú léraléra, ó sì pa á tì ní 2024.

Google kì í ṣe ẹni tó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yìí. Ní 2007 ló kéde pé òun fẹ́ ra ilé iṣẹ́ ìpolówó DoubleClick ní bílíọ̀nù 3.1 dọ́là, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ni irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń ta àyè wà, òun ló ni ibi gbàǹjo tó tóbi jù, òun náà ló sì ń bá àwọn olùpolówó nájà. Aṣojú ẹni tó ń tà, aṣojú ẹni tó ń rà, àti ẹni tó ń lu gbàǹjo, ọ̀kan náà ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Adájọ́ Leonie Brinkema ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé Google rú òfin bó ṣe gba irinṣẹ́ àwọn ìkànnì àti ibi gbàǹjo mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ yìí á ní àwọn èèyàn ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tọpinpin àwọn. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà ń béèrè. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, CNIL, àjọ tó ń ṣọ́ àṣírí aráàlú ní Faransé, kéde owó ìtanràn mílíọ̀nù 150 yúrò fún Google àti mílíọ̀nù 60 fún Facebook. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń tẹ bọ́tìnnì bó bá fẹ́ gba cookie, ṣùgbọ́n ó di títẹ̀ lọ títẹ̀ bọ̀ bó bá fẹ́ kọ̀ ọ́. Nígbà tí ìbéèrè bá ṣe kedere, ìdáhùn máa ń yàtọ̀. Ní 2021, Apple pàṣẹ pé kí áàpù kọ̀ọ̀kan béèrè ní tààrà kó tó tọpinpin ẹni tó ń lò ó káàkiri. Meta, tó ni Facebook, ṣírò rẹ̀ pé èyí á gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 dọ́là lọ́wọ́ òun ní 2022.

Èèyàn lè pa nọ́ḿbà ìdánimọ̀ yẹn rẹ́ lórí fóònù Android tí kò bá ti pẹ́ jù: inú Settings, lábẹ́ Privacy, ni Ads sábà máa ń wà. Lórí iPhone, Tracking ló máa pa níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, òdo lásán ni áàpù á máa rí níbi tó yẹ kí nọ́ḿbà wà. Gbàǹjo á ṣì máa wáyé ṣá o. Àdírẹ́sì IP ṣì ń bá ìkéde lọ, orúkọ àìsàn náà ṣì wà nínú àdírẹ́sì ojú ìwé, ṣùgbọ́n yóò ṣòro díẹ̀ fún wọn láti so òru òní pọ̀ mọ́ àárọ̀ àná.