Fáìlì Wà Níbẹ̀, Kọ̀ǹpútà Ní Kò Sí

Mo tẹ ./isiro kí ètò ìṣirò kan lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi tó ń lo Linux, kọ̀ǹpútà dáhùn pé "No such file or directory", ìyẹn ni pé kò sí fáìlì bẹ́ẹ̀. Mo tẹ ls, àṣẹ tó ń to orúkọ àwọn fáìlì: fáìlì náà rèé, gedegbe. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi bá a jìjàkadì kí n tó mọ̀ pé kò parọ́. Fáìlì mìíràn ló ń wá. Ẹ jẹ́ kí n ti ìsàlẹ̀ mú un wá.

Kọ́ǹpáìlì ni kí gcc, tàbí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ kóòdù tí èèyàn kọ di fáìlì tí kọ̀ǹpútà lè gbé ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń kọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Télọ̀ kì í rọ síìpù, ó ń rà á lọ́jà ni. Àwa náà ń yá iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe, bíi zlib tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Irú iṣẹ́ àyálò yìí là ń pè ní láíbúrárì. Bí kò bá sí lórí ẹ̀rọ, iṣẹ́ dúró. Ibi tó ti dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bó bá jẹ́ "fatal error: zlib.h: No such file or directory", iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Hẹ́dà ni zlib.h, ìwé pélébé tó ń sọ fún gcc ohun tí láíbúrárì lè ṣe àti bí a ṣe ń pè é. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bínú: "Ṣebí mo ti ní zlib!" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lórí Ubuntu àti Debian, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí: zlib1g wà fún ẹni tó fẹ́ jẹ oúnjẹ tó ti jinná, zlib1g-dev ló gbé hẹ́dà wá fún ẹni tó fẹ́ dáná. Lórí Fedora, oríṣi Linux mìíràn, orúkọ zlib-devel la fi ń béèrè ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí. Ẹ tẹ sudo apt install zlib1g-dev, ó tán. Bí àṣìṣe bá tò bí ogójì, ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà. Ọmọ rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ àwọn tó kù.

Bó bá ní "undefined reference to sqrt", gcc ti ka kóòdù yín, ó sì yé e. Línkà tó ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló wá sqrt, iṣẹ́ tó ń wá square root nọ́ńbà, tì. Inú láíbúrárì ìṣirò ló wà, -lm la fi ń pè é. Ẹ má sì fi ṣáájú: gcc isiro.c -lm á ṣiṣẹ́ níbi tí gcc -lm isiro.c ti lè kùnà, torí láti òsì sí ọ̀tún ni línkà ń kà, ó sì lè fo láíbúrárì tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè. (sqrt(4.0) lè kọjá láìsí -lm, nítorí gcc fúnra rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín.)

Ti "error while loading shared libraries" kò le. Kọ́ǹpáìlì ti parí, ìgbà tí ẹ fẹ́ lò ó ni láíbúrárì di àwátì. Ẹ tẹ ldd ./isiro, á to àwọn láíbúrárì tí fáìlì náà nílò, èyí tó bá kọ "not found" sí ni kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí /usr/local/lib ni, sudo ldconfig á jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n.

Ó wá ku irú fáìlì fúnra rẹ̀. ELF ni ti Linux. Báìtì mẹ́rin tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ni 7f 45 4c 46. Mẹ́ta tó kẹ́yìn ni lẹ́tà E, L, F. MZ ni ti Windows fi ń bẹ̀rẹ̀. ELF pàápàá ò dọ́gba: èyí tí a kọ́ǹpáìlì fún x86-64, irú ọpọlọ ẹ̀rọ tó wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, bí ẹ bá gbé e sórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo ARM, irú ọpọlọ mìíràn, "Exec format error" lẹ máa rí. Kò sí láíbúrárì tó wo èyí sàn. Ẹ lọ tún kóòdù náà kọ́ǹpáìlì fún ARM. Àṣẹ file ./isiro á sọ irú tó jẹ́, uname -m á sọ irú ẹ̀rọ yín.

Àṣẹ file yẹn ló tú àṣírí ./isiro tèmi. 32-bit ni, irú ti àtijọ́, mo sì gbé e sórí Ubuntu 64-bit. Inú ELF ni a ti ń kọ orúkọ fáìlì tó máa gbé e dìde sí, tirẹ̀ sì ni /lib/ld-linux.so.2. Èyí ni kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, wá tì, tó fi ní kò sí fáìlì, tí kò dárúkọ èyí tó ń bá wí. (bash tuntun, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀, ti ń sọ pé "required file not found", ìyẹn sàn díẹ̀.) Mo tẹ sudo dpkg --add-architecture i386 kí Ubuntu lè gba ti 32-bit, mo ṣe sudo apt update, mo wá fi sudo apt install libc6:i386, tó gbé fáìlì náà wá, tẹ̀ lé e. Mo tún tẹ ./isiro. Ó jí, ó béèrè nọ́ńbà tí mo fẹ́ ṣírò.