Àárẹ̀ Ọkọ̀ Tó Ń Sọ Mẹkáníìkì Di Èké

Ọkọ̀ gbéra ní Gáréèjì Ìkòròdú láàárọ̀, ó kọjá Ìmọ̀tà láìsí wàhálà. Kó tó dé Ìtòíkín, awakọ̀ fẹ́ ya típà oníyanrìn kan sílẹ̀, ó tẹ akisẹlérétọ̀, ọkọ̀ kò fà. Ó tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, ńṣe lara ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Mẹkáníìkì tó wà nítòsí tú plọ́ọ̀gì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú wọn, ó dá wọn padà. Wọ́n sítáàtì, ọkọ̀ fà. Wọ́n sanwó, wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí Ẹ̀pẹ́ kù díẹ̀, àárẹ̀ náà tún dé.

Plọ́ọ̀gì kọ́ ló wo ọkọ̀ yẹn sàn. Ìṣẹ́jú 40 tó fi dúró ni. Àṣìṣe yìí ló ń jẹ owó ọlọ́kọ̀ jù: ohunkóhun tí ọwọ́ mẹkáníìkì bá bà lásìkò tí ọkọ̀ ń tutù lọ́wọ́ ni yóò gba ìyìn. Bó bá jẹ́ fíùsì ló yọ tó tún fi bọ̀ ọ́, wọ́n á ní fíùsì ni. Mẹkáníìkì náà kò sì purọ́, ohun tó fojú rí ló sọ.

Àwọn àgbà ní àbíkú sọ olóògùn di èké. Àárẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ọkọ̀, àbíkú ni. Ojú ọ̀nà ló ti ń kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e dé iwájú ẹni tó mọ iṣẹ́, ara rẹ̀ á yá gágá, wọn ò ní rí ohun tọ́ka sí. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí wọ́n wá ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tó ń kú àti ìgbà tó ń jí. Ìyàtọ̀ yẹn kì í pọ̀: ooru, ẹrù, àti ìwọ̀n epo inú táǹkì.

Pọ́ǹpù epo ni èèyàn kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fura sí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tókúńbọ̀ tó ń lo injẹ́tọ̀, ìyẹn ẹnu kékeré tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, inú táǹkì gan-an ni pọ́ǹpù ń gbé, inú epo ló rì sí. Ọgbọ́n ńlá ni. Mọ́tò iná kékeré ni pọ́ǹpù yìí, ó máa ń gbóná bó ṣe ń yí, epo tó yí i ká àti èyí tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló sì ń tù ú lára. Àmọ́ ẹni tó ṣe é gbà pé epo á máa wà nínú táǹkì. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń rà á. Epo á lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù á yọ orí síta, ìwọ̀nba epo tó kù á gbóná bíi tirẹ̀. Èyí tó ti gbó nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí jẹ́jẹ́, agbára tó fi ń ti epo, tó yẹ kó wà láàárín 40 sí 60 psi (òṣùwọ̀n agbára títì) nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, á wálẹ̀. Lójú ọ̀nà títẹ́jú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí ẹ́ńjìnnì kò mu epo púpọ̀. Kó gun òkè pẹ̀lú èrò àti ẹrù, kó fẹ́ ya típà sílẹ̀, ìgbà yẹn ni ebi á pa á. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe nǹkan kan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì: kò sẹ́ni tó di ẹrù lé e lórí níbẹ̀.

Asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù náà lè fa irú rẹ̀. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí á mọ̀ ọ́n. Eèrí á bo ojú aṣọ, omi á dúró sókè, kò ní kán mọ́. Bí ọwọ́ bá gbá eèrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi á tún ya wálẹ̀. Bí pọ́ǹpù ṣe ń fa epo ló ń lẹ ìdọ̀tí táǹkì mọ́ asẹ́. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, ìdọ̀tí á já bọ́, asẹ́ á là, ọkọ̀ á tún sáré títí ojú aṣọ á fi tún dí. Kò sí plọ́ọ̀gì tuntun tó lè gbá eèrí kúrò níbẹ̀.

Bó ṣe ń kú náà ń sọ̀rọ̀. Èyí tí agbára rẹ̀ ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, epo ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó kú lójijì bí iná tí wọ́n pa, tí kò sì sítáàtì àfi tó bá tutù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sẹ́ńsọ̀ crankshaft, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Bí ọkọ̀ bá ń já, tí iná check engine sì ń ṣẹ́jú, plọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì tó ń fún un níná ni kí wọ́n wò, kí awakọ̀ má sì fipá tẹ̀ ẹ́, torí epo tí kò jóná á lọ ba katalítíìkì tó ń sọ èéfín ọkọ̀ di mímọ́ jẹ́.

Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi àmì sí ara àbíkú tó kú, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́tò kéékèèké tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní sọ́kẹ́ẹ̀tì OBD-II lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ka ohun tí kọ̀ǹpútà náà kọ. Nígbà tí àárẹ̀ bá dé, kọ̀ǹpútà lè kọ kóòdù sílẹ̀: P0171 bí epo kò bá tó afẹ́fẹ́, P0335 fún sẹ́ńsọ̀ crankshaft. Ó tún máa ń tọ́jú bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó àti eré tí ọkọ̀ ń sá nígbà yẹn. Bí wọ́n bá tú orí bátìrì, gbogbo rẹ̀ lè pa rẹ́. Kí wọ́n ya fọ́tò kóòdù náà kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà.

Tí kóòdù kò bá sí, kí wọ́n so gééjì tó ń wọn agbára epo mọ́ ọ̀nà epo ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fà á jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gíláàsì iwájú, níta, kí wọ́n sì tún gba ọ̀nà Ìtòíkín lọ. Ẹlòmíràn ni kó máa wo gééjì, kì í ṣe awakọ̀. Níbi tí ọkọ̀ bá ti kọ̀ tí kò fà, tí ọwọ́ gééjì bá wálẹ̀, ọ̀rọ̀ epo ni: pọ́ǹpù, asẹ́, tàbí iná tó ń lọ síbẹ̀. Bó bá dúró síbi tó yẹ, kí wọ́n fi pọ́ǹpù sílẹ̀.