Omi tó mọ́ gaara lè pa ọmọ ẹja

Ọmọ ẹja guppy 42 ni mo kà lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi máa mọ́, mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù, àwọn náà ti dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Omi inú táńkì yẹn mọ́ débi pé ẹ lè ka ìwé láti òdìkejì rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, mo da gbogbo omi àtijọ́ nù, mo fọ òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo fún fóòmù inú asẹ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, mo nu gíláàsì yíká, mo wá bu omi tuntun sí i. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe wọ́n.

Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ohun tí mo ṣe yẹn wọ́pọ̀ láàárín àwa tá à ń sin ẹja kéékèèké nílé. A gbà pé bí omi bá ṣe mọ́ tó ni ara ọmọ ẹja ṣe máa le tó, àti pé bí ọmọ bá ń kú, a jẹ́ pé omi ti dọ̀tí, ká dà á nù ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mi ò bá ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ wí. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ìmọ́tótó ló borí àrùn mọ́lẹ̀ bí ọyẹ́ ti í borí ooru, òótọ́ sì ni fún ọwọ́ wa àti fún abọ́ tá a fi ń jẹun. Àmọ́ ohun tó ń pa ọmọ ẹja nínú omi kò láwọ̀, ojú kò sì lè rí i.

Amóníà ni wọ́n ń pè é. Bí àwa ṣe ń tọ̀ ni ẹja náà ń tú amóníà jáde, ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ni èyí tó pọ̀ jù ń gbà jáde. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán tó wá jẹrà ń mú amóníà wá, ewé tó kú ń mú un wá, òkú ọmọ ẹja kan ṣoṣo tó há sábẹ́ òkúta ń mú un wá. Omi lè kún fún un kó ṣì máa dán.

Ohun tó ń gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn bakitéríà, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn kan ń jẹ amóníà, wọ́n á sọ ọ́ di náítíráìtì. Náítíráìtì yìí náà burú: ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, ẹ̀jẹ̀ á sì ṣú bí omi kọfí, kò ní lè gbé ọ́síjìn kiri dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi lè máa mí gulegule lókè omi tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Ẹ̀yà bakitéríà mìíràn á wá sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí ẹja lè fara dà bí kò bá ti pọ̀ jù, tí ewéko inú omi sì ń fi ṣara rindin. Sergei Winogradsky, onímọ̀ tí wọ́n bí ní ìlú Kyiv, ló ya irú àwọn kòkòrò wọ̀nyí sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1890. Inú ilẹ̀ ló ti bá tiẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú táńkì wa.

Ibi tí wọ́n ń gbé gan-an lọ̀rọ̀ wà. Díẹ̀ lára wọn ló ń léfòó nínú omi. Èyí tó pọ̀ jù lẹ̀ mọ́ ara nǹkan: inú ihò fóòmù, ara òkúta, ìdí ewéko, ara gíláàsì. Ẹ fọwọ́ kan fóòmù asẹ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ máa rí i pé ó ń yọ̀ díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ilẹ̀, bí ẹ bá sì gbé e sún mọ́ imú, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló ní, kì í ṣe òórùn ohun tó rà. Ohun tó ń yọ̀ yẹn ni ilé àwọn kòkòrò náà. Òun ni mo fún dànù lọ́jọ́ Àìkú yẹn títí omi fi mọ́ lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í tètè pọ̀: nínú táńkì tuntun, ó sábà máa ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó lè kápá amóníà tí ẹja ń tú jáde. Ọmọ ẹja tí wọ́n bí lánàá kò lè dúró dè wọ́n.

Àwọn mìíràn kì í da gbogbo omi nù, ìdajì ni wọ́n ń dà, ẹja wọn sì tún ń kú. Èyí ló pẹ́ jù kó tó yé mi. Ojú méjì ni amóníà ní. Nínú omi tó kan díẹ̀, èyí tí pH rẹ̀ (òǹkà tá a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó) kéré, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ máa ń wà ní ipò tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹja ní jàǹbá. Bí pH bá ga, ó máa ń yí padà di èyí tó ń pani. Bí omi bá kúrò ní pH 7 bọ́ sí pH 8, apá tó ń pani nínú amóníà kan náà á di bí ìlọ́po mẹ́sàn-án. Omi táńkì tí wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀ déédéé sì máa ń kan sí i bí ọjọ́ ti ń lọ, nígbà tí pH omi ẹ̀rọ lè ga. Ẹ wá wò ó: ẹnì kan pa táńkì rẹ̀ tì fún oṣù mẹ́ta, amóníà ń kó jọ síbẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan ó bu ìdajì omi tuntun sí i, pH gasókè, amóníà tó kù nínú ìdajì yòókù di májèlé láàárín wákàtí díẹ̀. Kí ni onítọ̀hún máa sọ? Ó máa ní ìdọ̀tí tó ṣẹ́ kù ló pa wọ́n, àti pé gbogbo rẹ̀ ló yẹ kóun dà nù. Bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe ń bọ́ ara rẹ̀ nìyẹn: ìfọ̀nù ń pa ọmọ ẹja, ikú wọn sì ń mú ká tún fọ̀ ọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún wà níbẹ̀. Ẹyin ẹja betta máa ń pa láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àwọn ọmọ náà á rọ̀ sábẹ́ ìtẹ́ ìfófòó tí baba wọn ṣe, ìrù wọn á wà nísàlẹ̀, wọ́n á máa jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé wá láti inú ẹyin. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ìyẹn á tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ kiri wá oúnjẹ, ẹnu wọn sì kéré ju ìyẹ̀fun oúnjẹ ẹja tá a lọ̀ lọ. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó wà lára ewéko, lára gíláàsì tó ti di àwọ̀ ewé, ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣà jẹ. Ẹni tó bá nu gíláàsì yẹn mọ́ tónítóní ti kó abọ́ kúrò níwájú ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kolorín, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ, kò gùn: ó ń pa bakitéríà wa, ó sì ń bó ibi tí ẹja fi ń mí. Ẹ lo oògùn tó ń pa á. Ká gbé omi kalẹ̀ títí di ọjọ́ kejì lásán kò tó níbi tí wọ́n bá ti ń lo kolorámáìnì, ìyẹn kolorín tí wọ́n pò mọ́ amóníà.

Ẹnì kan lè ní òun mọ àwọn tó ń pààrọ̀ omi púpọ̀ lójoojúmọ́ tí ọmọ ẹja wọn sì ń dàgbà wìtìwìtì. Òótọ́ ni, àwọn tó ń sin ẹja discus sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tọ́jú omi yẹn sílẹ̀ ṣáájú, ooru rẹ̀ àti pH rẹ̀ bá ti inú táńkì mu, wọn kì í sì í jẹ́ kí amóníà kó jọ rárá. Mi ò sọ pé ká má pààrọ̀ omi. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé ẹ má pa ilé àwọn kòkòrò náà run, ẹ má sì yí omi padà lójijì mọ́ ọmọ ẹja lára.

Bí èmi ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Asẹ́ aláfóòmù tí afẹ́fẹ́ ń gbé ṣiṣẹ́ ni mò ń lò, torí kì í fa ọmọ ẹja wọlé. Kí n tó kó ọmọ sínú táńkì tuntun, mo máa ń gbé fóòmù tó ti gbó láti inú táńkì ńlá lọ síbẹ̀, mo sì máa ń fi ohun èlò ìdánwò wò ó bóyá amóníà àti náítíráìtì ti di òdo. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mo ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀, kì í ju ìdá mẹ́wàá sí ìdá márùn-ún omi lọ. Bí fóòmù bá dí, mo ń fún un lẹ́ẹ̀mejì nínú omi táńkì tí mo fà sínú bókẹ́ẹ̀tì, mo sì ń dá a padà pẹ̀lú ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀.

Ìyá àwọn 42 yẹn tún bí ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, láìsí akọ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀, torí abo guppy máa ń tọ́jú àtọ̀ akọ pa mọ́ sínú fún oṣù mélòó kan. Ọmọ 35 ni. Wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, 31 ló wà láyé. Gíláàsì ẹ̀yìn táńkì wọn ti di àwọ̀ ewé láti òkè dé ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń tò sí láràárọ̀ tí wọ́n ń ṣa nǹkan jẹ.