Ibi tí Àgbo Àtọ̀sí Abẹ́òkúta ti Ṣẹ̀ Wá

Ogun ló lé àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́ kó dé abẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, kálukú sì mú ìmọ̀ ewé àti egbò ìlú rẹ̀ dání. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àgbo àtọ̀sí Abẹ́òkúta, ìyẹn àgbo fún ìtọ̀ tó ń ta ni, ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lọ bá àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní Ìtọ̀kú, kí ẹ ní ìtọ̀ ń ta yín. Ìyá á fa ẹ̀yìn olobe yọ nínú ìdì, èyí tí èso rẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ abẹ́ ewé. Á bu irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo gbígbẹ lé e, á ní kí ẹ fi omi ọ̀gì kíkan rẹ ẹ́ mọ́jú.

Irùkẹ̀rẹ̀ yẹn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, lẹ́yìn ọdún 1492 ni ọkọ̀ òkun gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn baba wa rí ohun àlejò, wọ́n dán an wò, wọ́n fi kún àgbo. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi tí ẹnìkan bá ní àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ń tàbùkù àgbo. Ìdánwò ni wọ́n fi ṣe é látilẹ̀!

Títí di ìsinsìnyí, ìwádìí lára ènìyàn lórí ẹ̀yìn olobe àti irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo kò tíì tó láti fi sọ pé wọ́n ń pa kòkòrò inú àpò ìtọ̀. Nínú ohun tó wà nínú àgbo yìí, omi lásán ló ní ẹ̀rí tó dára, pé ó ń dín bí àìsàn àpò ìtọ̀ ṣe ń padà wá kù. Ìwádìí kan jáde lọ́dún 2018 lórí obìnrin 140 tí kòkòrò àpò ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu léraléra. Àwọn tó fi lítà omi kan àbọ̀ kún èyí tí wọ́n ń mu lójúmọ́ ní in ní ìwọ̀n ìgbà 1.7 láàárín ọdún kan; àwọn yòókù, 3.2. Ó ṣeé ṣe kí omi inú àgbo wà lára ohun tó ń tu aláìsàn lára.

Àtọ̀sí ajá yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ṣí ìsédò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta lọ́dún 1983, àìsàn náà sì gbilẹ̀ láwọn abúlé etí omi ibẹ̀. Ìgbín wẹ́wẹ́ inú odò ló ń tú aràn rẹ̀ sómi, ọmọdé tó bá lọ lúwẹ̀ẹ́ á kó o, á wá máa tọ ẹ̀jẹ̀. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, kò sí irùkẹ̀rẹ̀ tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, tí ibà dè tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn, àti aláboyún tí ìtọ̀ ń ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ìtọ̀ wò ní ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ irú àgbo tí ẹ ti mu fún dókítà.