Orúkọ Ìṣòwò àti Àmì Ọjà: Ìforúkọsílẹ̀ Méjì Tí Ọ̀pọ̀ Oníṣòwò Ń Pè Ní Ọ̀kan

Obìnrin tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà lè gba ìwé-ẹ̀rí CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ìṣòwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní Nàìjíríà), kí ó fi gíláàsì bò ó, kí ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó tún lè fi orúkọ náà ta èlùbọ́ mọ́. Agbára ìwé-ẹ̀rí náà kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan ni orúkọ tí ènìyàn fi ń ṣòwò jẹ́ lójú òfin, ohun mìíràn ni àmì tó wà lára ọjà rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀.

Òfin CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin tó de kọ́ńpìnnì àti orúkọ ìṣòwò, ni CAC fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ gan-an ṣòwò gbọ́dọ̀ forúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlòmíràn ti gba orúkọ náà. Bí kò bá tíì sí ẹni tó gbà á, wọ́n á fi í pamọ́ de oníṣòwò fún ọjọ́ 60 kí ó fi parí ìyókù. Bí ó bá forúkọ ìṣòwò nìkan sílẹ̀, òun àti òwò náà kò yà lójú òfin, nítorí náà gbèsè òwò lè dé orí ilé àti ọkọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dá kọ́ńpìnnì tó ní “Limited” nídìí orúkọ sílẹ̀, kọ́ńpìnnì náà di ẹni ọ̀tọ̀ tó ń jẹ gbèsè ara rẹ̀, òfin 2020 sì gba ènìyàn kan ṣoṣo láàyè láti dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Èyíkéyìí tó bá mú nínú méjèèjì, ó gbọ́dọ̀ máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́.

Àmì ọjà (trademark) ní tirẹ̀ wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ àti òwò, ní Àbújá. Ìsọ̀rí 45 ni wọ́n pín ọjà àti iṣẹ́ sí, ìsọ̀rí tí ènìyàn bá sì san owó rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà. Ìsọ̀rí 30 ni èlùbọ́ wà, 24 ni aṣọ tí a kò tíì rán, 25 ni aṣọ wíwọ̀, 43 sì ni ilé oúnjẹ; bí elélùbọ́ yẹn bá ṣí búkà àmàlà lọ́la, ó yẹ kí ó tún forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ 43. Bí wọ́n bá gba ìwé rẹ̀ wọlé, wọ́n á tẹ àmì náà jáde nínú ìwé ìròyìn àmì ọjà, oṣù méjì sì ni ẹni tí kò fara mọ́ ọn ní láti tako ó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yọjú, ìwé-ẹ̀rí á jáde, ẹ̀tọ́ náà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́. Ọdún 7 ni ó kọ́kọ́ máa ń lò. Lẹ́yìn náà, ọdún 14 ni ìsọdọ̀tun kọ̀ọ̀kan.

Irú orúkọ tí wọ́n ń gbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò kí wọ́n tó sanwó pátákó. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ni ilé tí a gbọ́dọ̀ wò níbí. Orúkọ tó kàn ń ṣàpèjúwe ọjà, tàbí tó jẹ́ orúkọ ìlú lásán, ṣòro láti gbà. “Èlùbọ́ Ìbàdàn” kò lè dá elélùbọ́ kan yàtọ̀ sí ìkejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, pẹ̀lú ṣíbí láàárín àwọn òpó náà, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Aládìrẹ tó bá fẹ́ sọ orúkọ yẹn di tirẹ̀ nìkan yóò bá ìdènà pàdé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa kò yẹ kó di ohun ìní ẹnì kan. Ó lè ta àdìrẹ náà, kí ó sì fi orúkọ mìíràn tó hùmọ̀ fúnra rẹ̀ sára rẹ̀. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ló rọrùn jù láti dáàbò bò.

Ẹni tí kò bá forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ kò lè pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́ pé ó tẹ àmì òun lójú, ṣùgbọ́n òfin ṣì fún un láyè láti pe ẹni tó ń ta ọjà ara rẹ̀ bí ẹni pé ọjà olùpẹjọ́ ni lẹ́jọ́. Ẹjọ́ yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn oníbàárà mọ àmì náà mọ́ òun, pé ohun tí ẹnì kejì ṣe lè ṣì wọ́n lọ́nà, àti pé ó ń pa òun lára. Ibí ni ìpolówó ọjà ti wọ inú òfin: rìsíìtì, fọ́tò ọ̀rá tó ní déètì àti ìwé ìpolówó tí kò yí àwọ̀ padà láti ọdún dé ọdún ni ẹ̀rí rẹ̀. Oníṣòwò tó ń yí àwọ̀ àti ìkọ̀wé ọ̀rá rẹ̀ padà lóṣooṣù ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹ̀rí náà nù.

Ẹni tó ya àmì náà ńkọ́? Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) ti ọdún 2022, ayàwòrán tí a gbé iṣẹ́ fún ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí ohun tó yà, àfi bí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ bá sọ ohun mìíràn. Owó tí a san fún un nìkan kò gba ẹ̀tọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé kékeré kan tó sọ pé ó ti gbé ẹ̀tọ́ náà fún oníṣòwò, tí ó sì fọwọ́ sí kí ó tó gba owó tó kù, ti tó.